Ẹ Má Tíì Ta Àwọn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Yẹn: Bí A Ṣe Lè Fi Sugar Sórí Wọn

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà wa rí ló mọ àwọn kọ̀ǹpútà mọ́kànlá tó wà lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tí ẹ bá tan ọ̀kan nínú wọn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tán. Ẹ lè lọ ra búrẹ́dì kí ẹ sì padà dé kí ojú Windows tó yọ. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílẹ̀ báyìí ni pé kí wọ́n kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí àyè lè gba àga. Kí wọ́n tó kó wọn lọ, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ṣì lè ṣe, àti bí a ṣe máa ṣe é láìná owó púpọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni àwọn àbúrò wa ní JSS 1. Kọ̀ǹpútà tó dára nínú yàrá yẹn kò pọ̀, àwa SS la sì máa ń gbà wọ́n. Àwọn àbúrò wa ń ya àwòrán máòsì sínú ìwé, wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lára, wọ́n sì ń gba máàkì lórí ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì di máòsì mú rí. Ṣebí láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ máòsì lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ìdánwò ń bà á, ẹ̀rù máòsì náà tún ń bà á.

Ohun tí mo ń sọ nípa ẹ̀ ni Sugar. Kì í ṣe ṣúgà inú tíì o. Orúkọ desktop kan ni, tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí desktop jẹ́, torí ibẹ̀ ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Operating system ló ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀: òun ló ń pín iṣẹ́ fún díìsìkì, kíbọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ǹpútà àti gbogbo ìyókù. Ó dà bí ẹ́ńjìnì mọ́tò. Desktop ni ohun tí ojú wa ń rí tí ọwọ́ wa sì ń tẹ̀: síárìn, dáṣíbọ́ọ̀dù, ìjókòó. Nínú Windows, wọ́n ti jó méjèèjì pọ̀, ẹ ò lè yọ ìkan kúrò lára ìkejì. Nínú Linux, ọ̀tọ̀ ni ẹ́ńjìnì, ọ̀tọ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ lè yọ ọ̀kan kí ẹ fi òmíràn sí i. Kódà, ẹ lè fi méjì sórí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo, kí ẹni tó fẹ́ lò ó yan èyí tó wù ú nígbà tó bá ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí orí ẹ̀ ni gbogbo àbá mi dúró sí.

Ẹ́ńjìnì tí mo fẹ́ kí a lò ni Debian. Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1993, àwọn olùfínnúfíndọ̀ káàkiri ayé ló sì ń tọ́jú ẹ̀ títí di òní. Linux tó wà nínú ẹ̀, Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní orílẹ̀-èdè Finland ní 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ yunifásítì. Wọ́n máa ń sọ pé Debian jẹ́ "free". Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń da àwọn Òyìnbó fúnra wọn láàmú, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún nǹkan méjì. Àwa ní ọ̀fẹ́, a sì ní òmìnira. Debian jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira ló ṣe pàtàkì jù fún ilé ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀ gbà wá láyè láti lò ó fún ohunkóhun, láti ṣí inú ẹ̀ wò kí a mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, láti ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mọ́kànlá tàbí mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, kí a sì tún un ṣe bó ṣe wù wá. Ẹ̀dà Windows tí àwọn kan máa ń bá wa fi sínú kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ọ̀fẹ́ lẹ lè rò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, àmọ́ ẹrù olówó ni. Fún àwọn kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn yẹn pàápàá, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10 ní October 14, 2025, Windows 11 sì ń béèrè 4GB RAM, ó kéré tán, àti àwọn ẹ̀yà ara kan tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní.

Sugar wá ńkọ́? Ìtàn ẹ̀ kan orílẹ̀-èdè wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ní 2005, Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, sọ pé òun fẹ́ ṣe láptọ́ọ̀pù tí owó ẹ̀ kò ní ju dọ́là 100 lọ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè ní tirẹ̀. One Laptop per Child ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Láptọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé àti funfun ni, XO ni orúkọ ẹ̀, 256MB péré sì ni RAM inú ẹ̀. Sugar ni wọ́n ṣe fún un. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò: ní 2007, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Galadima, ní Abuja, ń lo XO nínú kíláàsì. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Nàìjíríà máa ra mílíọ̀nù kan, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀. Iye owó ẹ̀ náà kò dúró sí dọ́là 100. Nígbà tó jáde ní 2007, ó ti tó dọ́là 188.

Uruguay ṣe tiwọn dójú àmì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, nígbà tó fi máa di 2009, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ti ní láptọ́ọ̀pù. Peru náà ra èyí tó lé ní 800,000. Ṣùgbọ́n mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀: nígbà tí Inter-American Development Bank gbé àbájáde ìwádìí wọn ní Peru jáde ní 2012, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń lo kọ̀ǹpútà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ máàkì wọn nínú ìṣirò àti èdè kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbà á. Wọ́n pín ẹ̀rọ, ó tán. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jókòó ti àwọn olùkọ́ láti bá wọn wá ohun tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ náà kọ́ ọmọ. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tí a bá ti fi Sugar sínú kọ̀ǹpútà, JSS 1 á kàn di olóye lọ́jọ́ kejì.

Ní 2008, Walter Bender kúrò nínú One Laptop per Child, ó sì dá Sugar Labs sílẹ̀, kí Sugar lè máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yòówù, kì í ṣe XO nìkan. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún àwa náà lónìí.

Tí ẹ bá wọ inú Sugar, ẹ ò ní rí fódà, ẹ ò ní rí "My Computer". Àárín ni ẹ ti máa rí àwòrán èèyàn kékeré kan: lẹ́tà O lókè lẹ́tà X, O ni orí, X ni apá àti ẹsẹ̀. Ìwọ ni yẹn. Àwọ̀ tó o bá yàn nígbà tó o kọ́kọ́ wọlé ni á máa fi hàn. Yí ọ ká ni àwọn ohun tó o lè ṣe wà bí òrùka, Activity ni wọ́n ń pè wọ́n: kíkọ̀wé, ìṣirò, eré ìrántí, ohun èlò tó ń ka ọ̀rọ̀ tó o bá tẹ̀ sókè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì F3 ló ń gbé ọ padà sí ojú ilé yìí láti ibikíbi. F6 á gbé férémù kan jáde yí ojú kọ̀ǹpútà ká, níbi tí wàá ti rí ohun tó wà ní ṣíṣí.

F1 ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń fi àdúgbò hàn ọ́, ìyẹn àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú ẹ, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni méjì lè ṣí ìwé kan ṣoṣo nínú Write kí wọ́n jọ máa kọ ọ́, èyí tó wà níbí ń kọ ìlà kìíní, èyí tó wà lọ́hùn-ún ń tún sípẹ́lì ẹ̀ ṣe. Kò sì nílò dátà. Ráútà lásán, tí kò ní káàdì kankan nínú, ti tó láti so kọ̀ǹpútà inú yàrá kan pọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí ráútà tó ń kó eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá yẹn.

F5 ni Journal. Nínú Sugar, kò sí pé ọmọ gbàgbé láti tẹ "Save". Ohun yòówù tó bá ṣe, Journal ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀: ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ẹni tó bá a ṣe é. Ọmọ náà lè kọ àlàyé kékeré sí i. Bí ìwé tí èèyàn ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ló rí. Ẹni tó bá ti rí bí iná ṣe ń lọ ní ìlú yìí á mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú bíi mélòó kan tó gbẹ̀yìn ṣì lè bá iná lọ. Olùkọ́ náà lè ṣí Journal kó rí ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ibi tó dé, kì í ṣe èsì nìkan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Turtle Art, torí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ìṣirò ń ka pátákó yìí. Ìjàpá ni. Ìjàpá inú àlọ́ wa, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, kì í gbọ́ràn. Ìjàpá ti inú kọ̀ǹpútà yìí, ohun tí ẹ bá ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló máa ṣe, kódà bí ohun tí ẹ sọ kò bá mọ́gbọ́n dání. Ó ń gbé gègé dání, ibi tó bá gbà kọjá ni ìlà máa wà. Ọ̀rọ̀ ìjàpá yìí ti pẹ́: láti inú Logo ló ti wá, èdè kọ̀ǹpútà tí Seymour Papert, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon ṣe ní 1967. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Papert, Pretoria ní South Africa ni wọ́n ti bí i ní 1928.

Ní Turtle Art, ẹ ò ní tẹ kóòdù. Búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ni ẹ máa fà, ẹ ó máa tò wọ́n léra bí búlọ́ọ̀kù ilé kíkọ́. Ẹ ní kó lọ síwájú 100, kó yí sí ọ̀tún dígírì 90, kó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin. Onígun mẹ́rin á jáde. Ó dáa. Ẹ wá ní kí ọmọ JSS ya onígun mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ á fi 60 sí i, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé igun inú onígun mẹ́ta ọlọ́gbọọgba jẹ́ 60. Ìjàpá á kàn gba ibòmíràn lọ, kò ní padà dé ibi tó ti gbéra. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ìjàpá kì í yí igun inú, igun ìta ló ń yí. 120 ni. Tí ọmọ bá ti gbìyànjú onígun márùn-ún àti mẹ́fà, òun fúnra ẹ̀ á rí i pé kí ìjàpá tó padà sílé, gbogbo yíyí tó yí gbọ́dọ̀ jẹ́ 360. Torí náà 360 pín sí iye ẹ̀gbẹ́ ni ìdáhùn: 72 fún márùn-ún, 60 fún mẹ́fà. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún ńkọ́? 144, nígbà márùn-ún, torí ìjàpá yí ara ẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, 720 pín sí 5. Nínú ìwé ìṣirò wa, ìlà kan péré ni òfin igun ìta yìí, a há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tó bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún ìjàpá kó tó mọ̀, kò dájú pé á gbàgbé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fífi sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá kàn fẹ́ tọ́ Sugar wò láìfọwọ́ kan díìsìkì ẹ̀, Fedora, tó jẹ́ Linux mìíràn, ní ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Sugar on a Stick láti 2009. Orí fláàṣì ló ń gbé. Ẹ ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ẹ tan án láti orí fláàṣì náà, ẹ ṣeré nínú ẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ fláàṣì. Windows yín á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Fún ìtọ́wò, ó dára. Fún yàrá kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ máa lò lójoojúmọ́, inú díìsìkì ló yẹ kó wà.

Debian 12 ni mo ń sọ, mo sì ní ìdí. Debian 13 ti jáde ní August 2025, àmọ́ kò ní ohun tí a fi ń gbé e sínú kọ̀ǹpútà 32-bit mọ́, díẹ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn sì lè jẹ́ 32-bit. Debian 12 ṣì gba méjèèjì. Ohun tí Debian fúnra wọn sọ ni pé kọ̀ǹpútà tó máa lo desktop gbọ́dọ̀ ní 1GB RAM, 2GB ló dáa, àti àyè 10GB lórí díìsìkì. Ẹ lọ sí ìkànnì Debian, ẹ gba fáìlì "netinst" tó bá irú kọ̀ǹpútà yín mu, amd64 fún 64-bit, i386 fún 32-bit. Ẹ fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fláàṣì. Kíkọ tí mo ń wí yàtọ̀ sí kí ẹ kàn da fáìlì sínú fláàṣì bí ẹni da orin sínú ẹ̀, ìyẹn kò ní ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́, torí náà kì í ṣe fláàṣì tí bùrọ̀dá yín kó prójẹ́ẹ̀tì wọn sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ti fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì tó ń gbé bóòtù jáde. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ló sábà máa ń jẹ́, F9 lórí HP. Ìbéèrè tí Debian máa bi yín kò le, àfi méjì tó yẹ kí ẹ fiyè sí dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni "root password". Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹni tí ẹ bá dárúkọ tẹ̀ lé e ni Debian máa fún ní agbára láti fi "sudo" pàṣẹ. Tí ẹ bá kọ nǹkan síbẹ̀, sudo kò ní dá yín lóhùn nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Ìkejì ni ti díìsìkì. Tí ẹ bá yan "use entire disk", gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ti lọ nìyẹn, Windows, fọ́tò, èsì ìdánwò, gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa yẹ inú díìsìkì wò, kí wọ́n kó ohun tó bá ṣe pàtàkì kúrò, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ pé "ó ti yá". Ẹni tó bá ń ṣe é sínú kọ̀ǹpútà bàbá ẹ̀ nílé láìgbàṣẹ, tèmi kọ́ o.

Nígbà tó bá béèrè irú desktop tí ẹ fẹ́, ẹ yọ àmì kúrò lára GNOME, ẹ fi sí Xfce. Kò wúwo. Lẹ́yìn tó bá ti parí, tí ẹ ti wọlé, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ:

sudo apt update
sudo apt-get install sucrose

Sucrose ni orúkọ àkójọ Sugar nínú Debian. Ẹni tó bá ń ṣe kẹ́mísírì á ti máa rẹ́rìn-ín. Á béèrè bóyá kó máa bá a lọ, ẹ tẹ Y. Nígbà tó bá parí, ẹ jáde kúrò nínú Xfce. Lójú ibi tí ẹ ti máa kọ orúkọ àti password, àmì kékeré kan wà lókè ní apá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Sugar, ẹ wá wọlé. Sugar á béèrè orúkọ àti àwọ̀ yín, ó parí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ Xfce, ibi kan náà ni ẹ máa yàn án.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kù. Tí a bá fi fóònù ẹnì kan fa Sugar wọ kọ̀ǹpútà mọ́kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rẹ́ á bàjẹ́. Ìdí tí mo fi kọ apt-get lókè, tí mi ò kọ apt lásán, nìyí: apt máa ń pa àwọn fáìlì tó fà rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti lò wọ́n, apt-get máa ń tọ́jú wọn. Inú fódà yìí ni wọ́n máa ń wà: /var/cache/apt/archives. Ẹ da gbogbo fáìlì tó ní .deb níparí orúkọ sórí fláàṣì láti orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Lórí ìkejì, tí òun náà jẹ́ Debian 12 tó ní Xfce, tí 64-bit tàbí 32-bit wọn sì bára mu, ẹ ṣí Terminal nínú fódà tí ẹ dà wọ́n sí, ẹ kọ sudo apt install ./*.deb. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ fa dátà kankan. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ra nǹkan náà, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la máa lò ó, òfin ẹ̀ sì gbà á.

Activity púpọ̀ sí i wà ní ìkànnì activities.sugarlabs.org, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé Turtle Art kò bá ìyókù wá, pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbà á. Fáìlì .xo ni wọ́n. Ẹ fi Browse inú Sugar gbà á, á bọ́ sínú Journal, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Python ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ di ti Python 3 kò ní ṣí lórí Debian tuntun. Tí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ sí òmíràn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ẹ kọ èyí sínú Terminal:

setxkbmap ng -variant yoruba

Kíbọ́ọ̀dù á yí padà títí ẹ fi máa jáde. Mi ò mọ ohun tí a tún ń wá tí àwọn iṣẹ́ Yorùbá wa tó wà lórí pátákó yìí fi ń jáde láìní àmì.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Olùkọ́ kan ti bi mí pé, "Ṣé Sugar ni wọ́n máa bá ní ọ́fíìsì?" Rárá, wọn ò ní bá a níbẹ̀. Kò sí ọ́fíìsì tó ń lo Journal. Fáìlì àti fódà ni ayé ń lò, ojú ìdánwò JAMB kò sì jọ ojú Sugar rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí a fi Sugar nìkan síbẹ̀. JSS 1 àti JSS 2 á lo Sugar, wọ́n á fi mọ máòsì, wọ́n á fi mọ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ronú. Láti JSS 3, kí wọ́n bọ́ sí Xfce lórí kọ̀ǹpútà kan náà, níbi tí LibreOffice wà, tí wọ́n ti lè tẹ lẹ́tà kí wọ́n sì ṣe ìṣirò lórí tábìlì bíi ti Word àti Excel tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Àwa SS 3 kò ní nǹkan tá a fẹ́ fi Sugar ṣe, àfi kí a kọ́ àwọn àbúrò wa.

Wàhálà tó le jù, lójú tèmi, ni ti Journal. Tí ọmọ ogójì bá ń lo kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, iṣẹ́ gbogbo wọn á dà pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo, kò sì sí ẹni tó máa mọ tirẹ̀. Ẹ lè fi sudo adduser ṣe orúkọ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, jss1a, jss1b, bẹ́ẹ̀ lọ, láìfún wọn ní agbára sudo, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní kọ̀ǹpútà tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn á máa pín. Ìyẹn ń béèrè ètò ìjókòó, ètò ìjókòó sì ń béèrè olùkọ́ tó máa dúró tì í. Ibi tí ti Peru ti dẹnu kọlẹ̀ náà nìyí, nínú àpilẹ̀kọ yìí, kò sí ibi tí mo lè kọ àṣẹ tí Terminal máa fi yanjú ẹ̀.

Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà nípasẹ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tá a bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí wọ́n fún wa ní kọ̀ǹpútà kan péré nínú mọ́kànlá náà títí di ìparí táàmù yìí, àti wákàtí kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́rú, kí JSS 1A lè dán an wò ní mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó pe àwọn onírin. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ wà ní ṣíṣí, la ní lọ́kàn. Olùkọ́ wa ti yẹ díìsìkì ẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ mọ́. Fláàṣì 8GB la ṣì ń wá. Ẹni tó bá ní, kó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kó tó di Ọjọ́rú, kó sì kọ orúkọ ẹ̀ sára ẹ̀.